Orín ata ọjà Kábà: ibi tí agbára rẹ̀ dé fún èrìgì

Orín ata tútù tí wọ́n ń tà ní Kábà àti Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, tó ohun tí à ń ná lé e lórí. Ẹ yan èyí tó nípọn bí ìka ọwọ́, tí kò hùkasì. Bó bá ti gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kó má baà gún èrìgì. Ẹ run orí rẹ̀ títí yóò fi fẹ́ bíi búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi nu eyín láti ìdí èrìgì wá sókè eyín. Ẹ máa gé orí tí ẹ ti lò kúrò lójoojúmọ́.

Títa rẹ̀ lẹ́nu dùn mọ́ni gan-an. Àmọ́ kì í sábà dé ẹ̀yìn eyín níhà ahọ́n àti àárín eyín méjì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àìsàn èrìgì fẹ́ràn. Ìdọ̀tí rírọ̀ tó bá pẹ́ níbẹ̀ á le bí òkúta. Orín kò lè ṣí i, búrọ́ọ̀ṣì náà kò lè ṣí i, àfi kí dókítà eyín ha á kúrò. Nítorí náà, lálẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride (èròjà tó ń mú eyín le) fọ ẹnu fún ìṣẹ́jú 2.

Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sá fún ibẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni, torí ìdọ̀tí yóò máa pọ̀ sí i. Ẹ rọra máa fọ̀ ọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, tàbí tí eyín ń mì, ẹ lọ rí dókítà eyín. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tètè lọ, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ 2.