Dókítà Mọṣẹ́, Ilé Ìwòsàn Ni Kò Múra: Ìrírí Wa ní Ilé Ìwòsàn Ọpọlọ Ìjọba Kan

Ilé ìwòsàn ọpọlọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yìí jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ojú wa rí nígbà tí wọ́n dá àbúrò mi ọkùnrin dúró níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi tiwọn nìkan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára. Dókítà obìnrin tó gbà wá ní ẹ̀ka pàjáwìrì fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí àbúrò mi ní àwọn ohùn kan ń pa láṣẹ fún òun; kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ni kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ: ẹ̀rín ni wọ́n ń rín nígbà tí a ń bẹ àbúrò mi pé kó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ohun tó yẹ kó wà láyìíká dókítà ni kò sí. Kí a tó rí bẹ́ẹ̀dì, a ní láti san owó àsansílẹ̀, a sì ní láti fi ẹnì kan sílẹ̀ tí yóò máa sùn tì í. Èmi ni mo dúró, mo sì rò pé iṣẹ́ mi ni kí n máa bá a sọ̀rọ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ni mo ń pọn, aṣọ ni mo ń fọ̀, èmi ni mo ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, tí mo ń tò sórí ìlà níwájú akápò, tí mo sì ń mú rìsíìtì padà wá kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un ní haloperidol, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú irú àìsàn ọpọlọ bẹ́ẹ̀, ọrùn rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgbọ̀n rẹ̀ le gan-an, ahọ́n rẹ̀ sì yọ síta. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín, oògùn ló fà á, Artane ni yóò tú u." Artane kò sí ní wọ́ọ̀dù, ilé oògùn wọn sì ti tì. Oògùn tí kò wọ́n, tí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lo haloperidol yẹ kó máa tọ́jú pa mọ́, ni mo ń wá kiri ìgboro lóru. N kò lè bá nọ́ọ̀sì náà wí, nítorí òun nìkan ló ń bójú tó gbogbo wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń já lọ sí òkè òkun.

Kí ẹbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn kì í ṣe àṣà tuntun. Nígbà tí Dókítà Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé àyíká ibẹ̀, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, kí ìbátan kan sì bá oníkálukú wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan ìwòsàn ni ìbátan yẹn jẹ́ lójú Lambo. Níbi tí a lọ, òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi mí ṣe. Kò sí ẹni tó pè mí jókòó kó ṣàlàyé bí n óò ṣe mọ̀ bí àìsàn náà bá tún fẹ́ yọjú, àfìgbà tí èmi fúnra mi lọ dúró de dókítà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti ẹ̀tọ́ aláìsàn, òfin tuntun ti wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ, tó rọ́pò òfin wèrè ọdún 1958, tó sì fún aláìsàn láǹfààní láti mọ irú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un kí ó sì sọ̀rọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni kò ka ẹ̀tọ́ kankan sí àbúrò mi létí. Èmi ni wọ́n ní kí n buwọ́ lùwé, wọn kò sì wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò yà mí lẹ́nu púpọ̀, nítorí láàárín 2018 sí 2019, àwọn Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, lọ sí ibi ìtọ́jú 28 ní Nàìjíríà, tí ilé ìwòsàn ìjọba wà lára wọn, wọ́n sì ròyìn bí a ṣe ń de àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀, tí a sì ń fún wọn lóògùn tipátipá. Ní tòótọ́, n kò rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ níbi tí a wà, wọ́ọ̀dù náà sì mọ́ níwọ̀nba.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá wa sílẹ̀, dókítà mìíràn la máa ń bá ní ọjọ́ àpèpadà, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀, bí fáìlì bá tilẹ̀ wà. Síbẹ̀, ara àbúrò mi ti yá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, bí àìsàn náà bá sì tún gbé e, ibẹ̀ náà ni n óò gbé e lọ. Ẹni tó bá ń lọ, kí ó fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ìwé oògùn tí wọ́n bá kọ, kí ó sì máa kọ déètì sí i, nítorí ní ọjọ́ tí yàrá káàdì bá ní àwọn kò rí fáìlì, fọ́tò yẹn nìkan ni dókítà yóò rí wò.