Ó Wà Dáadáa, Ó Jẹun, Kò Sí Wàhálà: Àgbéyẹ̀wò Ilé-Iṣẹ́ Tó Ń Tọ́jú Àbúrò Mi

"Ó wà dáadáa. Ó jẹun. Kò sí wàhálà." Ohun tí mo bá nínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àbúrò mi nìyẹn, láti ojú ewé kan dé èkejì, bí ẹni fi òǹtẹ̀ lù ú. Òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fọwọ́ sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àbúrò mi ò rí ìgbẹ́ yà. Ó ń gbá ara rẹ̀ létí, ó ń pariwo lóru, ó sì ń ti àwo oúnjẹ dànù. Wàhálà wo ló tún kù tí wọ́n ń retí? Ìbínú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe èébú nìkan ni mo bá wá.

England la wà. Àbúrò mi ọkùnrin ní ohun tí wọ́n ń pè ní learning disability níbí, ìyẹn ìpèníjà ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn tètè kẹ́kọ̀ọ́. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń gbọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Supported living ló ń gbé, kì í ṣe ilé àgbàtọ́jú: òun fúnra rẹ̀ ni ayálégbé, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń kó òṣìṣẹ́ wá, káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, sì ló ń san owó wákàtí wọn. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ilé. Ó mọ́, ó tura, ọgbà wà lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n máa ń fi polówó irú ètò yìí ni pé bí ìtọ́jú ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ olùtọ́jú láìkó kúrò nílé. Nínú ìwé nìyẹn o. Nígbà tí àwọn ayálégbé yòókù ń gbé lábẹ́ òrùlé kan náà, tí òṣìṣẹ́ kan náà sì ń tọ́jú gbogbo wọn, ẹ lọ dán an wò kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.

"Good" ni CQC, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò wọn, kọ fún ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìtọ́jú ara nìkan ni CQC ń yẹ̀ wò nínú supported living. Ti ilé kò kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ ìgbẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkùnrin kan pè mí, ẹ́jẹ́ńsì tó ń yá wọn ní òṣìṣẹ́ ló rán an wá fún ọjọ́ náà. Ó ní ara àbúrò mi ò balẹ̀ láti àárọ̀, òun sì ti fún un ní lorazepam, oògùn tó ń mú ara balẹ̀. Oògùn yẹn, dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ìgbà tí gbogbo ọ̀nà mìíràn bá ti pin ni kí wọ́n tó lò ó. Mo bi í pé ọ̀nà wo ló ti kọ́kọ́ gbìyànjú. Kò fọhùn. Mo ní, "Ìgbà wo ló yàgbẹ́ kẹ́yìn?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Mò ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé kiri. Ó pẹ́. Ó ní òun ò rí i.

Kò lè rí i. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù inú balùwẹ̀ ni wọ́n lẹ ìwé ìgbẹ́ náà mọ́, èyí tí wọ́n ya oríṣi ìgbẹ́ 7 sí, láti orí èyí tó gbẹ dórí omi lásán. Nígbà tí mo débẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi ojú ara mi wò ó: àpótí òfìfo, òfìfo, òfìfo. Bírò wà níbẹ̀ o, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọn.

Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀ nílé lè rò pé mò ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Àìrígbẹ́yà ń pa àwọn tó ní learning disability. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe sí ikú wọn níbí, èyí tí wọ́n ń pè ní LeDeR, ti sọ ọ́ lásọtúnsọ. Àwọn oògùn ọpọlọ tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tún máa ń dí ìgbẹ́ mọ́ wọn nínú. Lọ́dún 2015, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 30,000 sí 35,000 àgbàlagbà tó ní learning disability ní England ló ń lo oògùn ọpọlọ láìsí àìsàn tó yẹ kí wọ́n torí rẹ̀ lò ó. Ìyẹn ló bí STOMP, ètò láti dín irú oògùn bẹ́ẹ̀ kù, tí NHS, ètò ìlera ìjọba, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016. Torí náà, bí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ bá ń jẹ̀rora, tí ẹ sì wá fi oògùn pa á lẹ́nu mọ́, ẹ ò tíì tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ariwo lẹ pa.

Ibi tí inú mi ti yí padà rèé. Obìnrin kan wà lára òṣìṣẹ́ wọn, Yorùbá bíi tiwa, Ìyá Ìbejì là ń pè é. Òun ló máa sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo pè é lórí fóònù, mò ń sunkún, mò ń ṣépè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fara balẹ̀ ná. Àbúrò wa kì í ṣe oníjà. Tó bá ti ń gbá ara rẹ̀ létí òsì, inú ló ń dùn ún. Mo ti wà lọ́nà." Ó dé ilé ṣáájú mi. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ọwọ́ rẹ̀ wà níkùn àbúrò mi, ikùn yẹn le bíi pákó. Ó ti pe 111, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè níbí fún ìmọ̀ràn ìlera. Wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìyá Ìbejì mú hospital passport àbúrò mi dání, ìwé tó ń ṣàlàyé ẹni tó jẹ́, ohun tó ń bà á lẹ́rù àti bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ń dùn ún. Kò kàn nà án sí nọ́ọ̀sì o. Ó ṣí i, ó fi ìka tọ́ka sí ibi ìrora, ó sì dúró títí nọ́ọ̀sì fi kà á tán. Ó ní kí wọ́n fún wa ní yàrá tó dákẹ́, kí wọ́n dín iná kù, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni lábẹ́ òfin Equality Act 2010. Dókítà kékeré kan wọlé, ó kọjú sí èmi àti Ìyá Ìbejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Dókítà, òun ló ni ara. Ẹ kọ́kọ́ kí i." Ojú dókítà tì í díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó kí i, ó sì sọ fún un pé òun fẹ́ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Àbúrò mi di okùn káàdì ọrùn Ìyá Ìbejì mú, ó jẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò. Ilẹ̀ mọ́, àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ tán, kò lọ. Owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá sùn síbi iṣẹ́, mo tijú láti kọ iye rẹ̀ síbí. Láti 2021 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti dá a pé wákàtí oorun ò sí lára wákàtí tí òfin ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ fún.

Wọ́n fún un ní oògùn, inú rẹ̀ ṣí, ara rẹ̀ rọlẹ̀. Èmi náà sùn.

Ọjọ́ Ajé, mo lọ bá máníjà. Ó ní òun tọrọ gáfárà bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn mí. Mo ní, "Kì í ṣe èmi ló dùn, inú àbúrò mi ló dun ún." Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ìwé ẹ̀rí hàn mí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé: òṣìṣẹ́ ẹ́jẹ́ńsì náà ti gba ẹ̀kọ́ lórí learning disability tí òfin 2022 ní kí gbogbo wọn gbà. Mo bi í pé ṣé ẹ̀kọ́ náà sọ fún un pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni ìwé ìgbẹ́ wà. Ó dákẹ́, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì pa kọ̀ǹpútà dé.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn yà mí lẹ́nu, mi ò sì ní fi dù ú. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ náà tó káńsù létí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ààbò, kó tó di pé mo halẹ̀. Ó kó ìwé ìgbẹ́ wá síwájú fáìlì oògùn: kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sí lorazepam mọ́ láìkọ́kọ́ kọ ọjọ́ tí àbúrò mi yàgbẹ́ kẹ́yìn. Ó ní kí ẹ́jẹ́ńsì máa rán àwọn kan náà wá, kì í ṣe ojú tuntun lójoojúmọ́. Ó bá wa dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ, wọ́n sì ti ń dín oògùn rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Nínú ìwé ojoojúmọ́ báyìí, mò ń rí nǹkan bíi "ó kọ ẹ̀wù búlúù, ó mú èyí tó pọ́n." Ẹ ò lè mọ bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń dùn mọ́ mi.

Àmọ́ ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, mi ò ní sọ ta ni, sọ fún mi pé òun ti mẹ́nu kan ìwé ìgbẹ́ yẹn nípàdé tipẹ́tipẹ́, wọn ò ka òun sí. Ó ní, "Kí ni kí n tún ṣe, mà? Ìwé wọn ni mo fi wà nílùú yìí." Ilé-iṣẹ́ ló ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀. Ta ló máa ké rara sí ẹni tó di ìwé ìgbélùú rẹ̀ mú? Bẹ́ ẹ bá ń wá ibi tẹ́ ẹ máa fi ẹni yín sí, ẹ fi ìwé ẹ̀rí ara ògiri sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó ìwé ojoojúmọ́ wá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń kọ.

Màámi ò tíì gbà. Ó wo ohun tí BBC gbé jáde lọ́dún 2011 nípa Winterbourne View, ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń lu àwọn tí wọ́n gbà tọ́jú, tí wọ́n sì dá 11 lẹ́bi lẹ́yìn náà. Láti ìgbà yẹn, kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó lọ wo ọmọ rẹ̀. Ó ní ìràwọ̀ 2 ni kí n fún wọn.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọ̀kan tí mo yọ kúrò, torí wákàtí Sátidé ni: káńsù ń sanwó kí ẹnì kan dá dúró ti àbúrò mi, wọ́n sì ń fi òun àti aládùúgbò yàrá rẹ̀ sábẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọn ò tíì fèsì.