Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ́ra: ohun tó ṣe fún ẹsẹ̀ mi, àti ohun tí kò lè ṣe

Mo ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, síbẹ̀ n kì í pa bọ́ọ̀lù Sátidé jẹ. Mo ń sáré, mo ń gun kẹ̀kẹ́, mo sì ń gbá tẹ́níìsì bí mo bá ti rẹ́ni bá gbá a. Ìyàwó mi ní wọ̀bìà eré ìdárayá ni mí, n ò sì lè jiyàn. Iṣan méjì ló ń fìyà jẹ mí: ti ẹ̀yìn itan ọ̀tún, tó ti fà lórí pápá lẹ́ẹ̀mẹta, àti ti gìgísẹ̀ òsì, tó máa ń le gbagidi bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò sí èyí tó burú débi tí n ó fi jókòó sílé; kò sì sí èyí tó lọ tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀rọ ìwọ́ra tí gbogbo ayé ń pè ní massage gun. Ó jọ ẹ̀rọ tí káfíńtà fi ń lu igi. Mọ́tò inú rẹ̀ ló ń ti orí rẹ̀ lọ síwá-sẹ́yìn. Tèmi ń lu láti 1,200 dé 3,200 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Orí mẹ́rin ló bá a wá. Èyí tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù nìkan ni mò ń lò. Èyí tó ṣóńṣó bí ọta ìbọn ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ tí n ó fi máa fi ìyẹn gún ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín. Bí mo bá ti orí kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ìṣẹ́jú méjì lórí itan kọ̀ọ̀kan tó láti jẹ́ kí ẹsẹ̀ fúyẹ́, kí n sì lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìké. Ìrora tó máa ń dé lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ agbára náà ń rọ̀ díẹ̀. Oorun mi sì dára sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíì nínú yàrá sùn.

Ìwé pélébé inú páálí rẹ̀ ló bí mi nínú. Wọ́n ní ó ń tú ibi tí ẹran ara ti dì pọ̀, wọ́n ní ó ń wo iṣan tó ya sàn. Irọ́ ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ara má fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìrora náà, kí oríkèé sì nà dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Kò fi agbára kankan kún iṣan.

Èmi alára kọ́ ọ lọ́nà tó le. Ní oṣù kẹta tí mo rà á, ẹ̀yìn itan mi ń ta mí láti àárọ̀ Sátidé. Mo fi ẹ̀rọ náà lù ú títí ó fi dákẹ́, mo wọ bàtà, mo bọ́ sórí pápá. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí mo sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kan tí kò yẹ kí n tẹ̀lé, ni mo bá gbọ́ “pà!” lẹ́yìn itan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń wo àwọn ẹlòmíì lórí pápá.

Físíò, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń fi eré ìdárayá wo iṣan àti oríkèé, tí mo lọ bá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mò ń pa làpálàpá. Nígbà tí ènìyàn bá ń sáré àsápajúdé, tí ẹsẹ̀ nà síwájú tó fẹ́ balẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni iṣan ẹ̀yìn itan ń nà, tó sì ń ṣiṣẹ́ jù lọ; bí kò bá sì lágbára tó, yóò fà. Nígbà tí iṣan náà jiná, ó ní kí n máa kúnlẹ̀, kí ẹnì kan di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, kí n wá máa fi ara sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ síwájú. Lọ́jọ́ kìíní, bí àpò sìmẹ́ńtì ni mo ṣe ṣubú. Fún gìgísẹ̀, ó fún mi ní eré ìdárayá tí dókítà Håkan Alfredson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden gbé jáde ní 1998: dúró sétí àtẹ̀gùn, sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà 15, ìpele mẹ́ta pẹ̀lú orúnkún nínà àti ìpele mẹ́ta pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ó súni púpọ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ṣiṣẹ́.

N ò fi eré kankan sílẹ̀. Mo kàn tò wọ́n ni. Bí itan bá ń ráhùn, kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn. Tẹ́níìsì àti bọ́ọ̀lù kì í tẹ̀ léra wọn mọ́, nítorí méjèèjì ló ń fa gìgísẹ̀ lójijì. Bí ìrora bá wà nínú eré, mo fara mọ́ ọn, tí kò bá ti ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra á, ẹ má fi lu iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, ibi tó wú, egungun, tàbí iwájú ọrùn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Lórí gìgísẹ̀ gan-an, ó dùn mí wọra. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó wà lókè rẹ̀ ni mò ń lù.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Mo gba méjì kúrò nítorí ìwé pélébé yẹn àti ìwúwo rẹ̀: kílò kan gbáko, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kan gbé e dé ẹ̀yìn itan yín. Bí èyí bá kú, màá ra òmíràn, ṣùgbọ́n èyí tó fúyẹ́ ni n ó wá.