mBot àti mBlock 5: ìsopọ̀ ni wàhálà, rọ́bọ́ọ̀tì kọ́

Bí mBot, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ ètò kíkọ, bá kọ̀ tí kò dá mBlock lóhùn (ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù àṣẹ pọ̀ fún un), ẹ má tíì tú u palẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe rọ́bọ́ọ̀tì náà rárá. Okùn ni, tàbí driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá a mọ̀), tàbí firmware (ètò inú rọ́bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ tó ń gbọ́ àṣẹ). Ìdí nìyí tí a ó fi pẹ́ lórí ìsopọ̀ ju títò rẹ̀ lọ.

Makeblock, ilé-iṣẹ́ kan ní Shenzhen ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ló gbé mBot jáde ní 2015. Nínú páálí, ẹ ó rí táyà méjì pẹ̀lú motor tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí nǹkan ṣe jìnnà tó níwájú, sẹ́ńsọ̀ tó ń tọ ìlà dúdú, rímóòtù, àti bọ́ọ̀dù mCore, ọpọlọ rọ́bọ́ọ̀tì náà, tó jẹ́ ọmọ ìyá Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré kan tí wọ́n ń kọ ètò sí. Irinṣẹ́ tí ẹ ó fi tò ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á tò ó tán láàárín wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Wáyà ni kí ẹ ṣọ́. Sẹ́ńsọ̀ ìlà ń lọ sí ihò 2, sẹ́ńsọ̀ ọ̀nà jíjìn sí ihò 3, nítorí ibẹ̀ ni ètò tó bá rọ́bọ́ọ̀tì wá láti ilé-iṣẹ́ ń wò. Ẹ lè gbé wọn síbòmíràn bí àwọ̀ ara ihò bá bá ti sẹ́ńsọ̀ mu, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ yí nọ́ńbà ihò náà padà nínú búlọ́ọ̀kù. Bí sẹ́ńsọ̀ ọ̀nà jíjìn bá ń sọ 400 ṣáá bí ẹ tilẹ̀ gbé ọwọ́ síwájú rẹ̀, wáyà rẹ̀ kò wọlé dáadáa, tàbí nọ́ńbà ihò tó wà nínú búlọ́ọ̀kù kì í ṣe tirẹ̀. Motor òsì wà fún M1, ti ọ̀tún fún M2. Bí ẹ bá ṣì wọ́n pààrọ̀, rọ́bọ́ọ̀tì á máa fi ẹ̀yìn rìn nígbà tí ẹ ní kó lọ síwájú, síbẹ̀ á ṣì máa yà sí òsì bí ẹ bá ní kó yà sí òsì. Èyí máa ń da àwọn ọmọ lójú rú, wọ́n á sì lọ máa tún ètò tí kò ní àṣìṣe ṣe.

Okùn USB tó ń lò bá ti pírńtà mu, nítorí náà bí tirẹ̀ bá sọnù, ọjà kọ̀ǹpútà èyíkéyìí ní i. Ẹ tan mBot kí ẹ tó ki okùn bọ̀ ọ́. Lórí Windows, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wo abẹ́ Ports: ó yẹ kí ẹ rí CH340, orúkọ ẹ̀yà ara bọ́ọ̀dù tó ń bá USB sọ̀rọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà COM kan, ìyẹn ojú ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fún un. Bí àmì ìkìlọ̀ bá wà lára rẹ̀, driver ló kù tí ẹ ó fi sí i, pàápàá lórí lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti pẹ́. Bí kò bá sí nǹkankan níbẹ̀ rárá, okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Nínú mBlock 5, ẹ̀rọ tó máa ń wà lábẹ́ Devices nígbà tí ẹ bá ṣí i kì í ṣe mBot. Ẹ pa á rẹ́, ẹ tẹ Add, ẹ mú mBot gan-an. mBot2 àti mBot Ranger wà nínú àkójọ kan náà, orúkọ wọn sì jọra tó láti ṣini lọ́nà. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Connect, ẹ yan USB, ẹ yan COM tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ní kò ṣeé ṣí, ó ṣeé ṣe kí Arduino IDE (ètò mìíràn tí wọ́n fi ń kọ ètò sí bọ́ọ̀dù) tàbí mBlock mìíràn ti dì í mú. Ẹni méjì kì í lo COM kan pọ̀.

Ibi tó ń lé àwọn olùkọ́ sá ni Live àti Upload, ọ̀nà méjì tí mBlock fi ń darí rọ́bọ́ọ̀tì. Nínú Live, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ ní ẹsẹ̀kẹsẹ̀, firmware inú bọ́ọ̀dù sì ni ògbufọ̀ tó ń gbọ́ àṣẹ náà. Nínú Upload, ètò ọmọ fúnra rẹ̀ wọ inú bọ́ọ̀dù lọ, ó sì lé ògbufọ̀ jáde. Bí ọmọ náà bá wá padà sí Live, yóò tẹ àsíá aláwọ̀ ewé tó ń bẹ̀rẹ̀ ètò títí, mBot kò ní mira, nítorí ẹni tó gbọ́ èdè yẹn kò sí nílé mọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Firmware Update sí, ẹ ṣe é, ẹ pa rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ tan án, ẹ tún so ó pọ̀.  Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ètò tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àsíá kò ní ṣiṣẹ́ bí ẹ bá gbé e wọ inú bọ́ọ̀dù. Búlọ́ọ̀kù “when mBot starts up” ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ títọ ìlà, Upload nìkan ni kí ẹ fi ṣe é. Sẹ́ńsọ̀ náà ń dáhùn láti 0, tí ojú rẹ̀ méjèèjì bá wà lórí dúdú, dé 3, tí méjèèjì bá wà lórí funfun. Nínú Live, ìdáhùn yẹn ní láti rìn dé kọ̀ǹpútà kí àṣẹ tó padà wá. Kó tó dé, rọ́bọ́ọ̀tì ti kọjá ìlà.

Nípa àìlówáyà, Bluetooth dára fún ilé tó ní mBot kan. Ẹ má ṣe lọ so ó pọ̀ nínú Settings Windows, inú mBlock ni kí ẹ ti ṣe é. Iná Bluetooth ara rọ́bọ́ọ̀tì á dẹ́kun ṣíṣẹ́jú bí ìsopọ̀ bá ti wọlé. Nínú kíláàsì, orúkọ gbogbo wọn jọra lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ kan á sì máa wa rọ́bọ́ọ̀tì ọmọ mìíràn. Fún ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yà 2.4G ló yẹ kí ẹ rà: ohun kékeré tí ẹ ń ki sínú USB rẹ̀ mọ rọ́bọ́ọ̀tì tirẹ̀ nìkan. Ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sára méjèèjì lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí páálí, nítorí bí wọ́n bá dàpọ̀ tán, ẹ ó jókòó tì wọ́n láti máa so wọ́n pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò. Bí ìsopọ̀ bá ń já nígbàkúùgbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ tún un ṣe. Bí kò bá já mọ́, bátìrì ti rẹ̀: motor ń fa iná mọ́ bọ́ọ̀dù lọ́wọ́, bọ́ọ̀dù á kú, á sì tún jí. Ẹ dín agbára motor kù nínú búlọ́ọ̀kù láti 100% sí 50% títí ẹ ó fi rí bátìrì mìíràn.