Rẹ́sìn àti idẹ pẹlẹbẹ fún Spitfire 1/48: èwo ló tó owó rẹ̀?

Bí ẹ bá ń to mọ́dẹ́ẹ̀lì ike Spitfire, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, táyà rẹ́sìn (oje tó ń le bí ike) àti bẹ́líìtì ìjókòó onídẹ pẹlẹbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Bí owó bá ṣì kù lọ́wọ́, ẹ ra ihò èéfín. Odindi yàrá awakọ̀ tí wọ́n fi rẹ́sìn ṣe, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó nawó sí i. Ohun tí mo rí nìyí lẹ́yìn tí mo lo gbogbo wọn sára Spitfire Mk IX kan tó jẹ́ ìwọ̀n 1/48, ìyẹn ni pé bàálù gidi tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 48. Ó wù mí kí n ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, torí páálí kan náà ni wọ́n sábà máa ń kó àwọn nǹkan yìí sí, bíi pé bákan náà ni gbogbo wọn ṣe wúlò.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì tó ti pé nínú páálí rẹ̀, kí ló tún ń wá àfikún fún? Ike ló fà á. Mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n ń rọ ike sí kì í jẹ́ kí ike náà fẹ́lẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ẹ mú ike tó nípọn ìdajì mìlímítà. Lójú wa, ó fẹ́lẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 48, ó di 24 mm, bẹ́ẹ̀ páànù ara Spitfire gan-an kò nípọn tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Idẹ pẹlẹbẹ ní tirẹ̀ lè fẹ́lẹ́ dé 0.1 mm, tí í ṣe 4.8 mm lára bàálù gidi. Kò tíì bá a dọ́gba, àmọ́ ojú kò ní tètè fura mọ́.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe idẹ yìí, torí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ àti àbùkù rẹ̀ ti wá. Wọ́n á fi oje kan tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le kun idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á gbé fíìmù tó ní àwòrán lé e, wọ́n á wá tan iná UV sí i. Oje tí iná kò kàn á ṣí kúrò nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ásíìdì á sì jẹ idẹ ibẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ásíìdì jẹ ẹ́ dé ìdajì péré, ojú ìlà tí a ó ti ṣẹ́ ẹ po nìyẹn. Inú ni ìlà náà sábà máa ń wà tí a bá ti ṣẹ́ ẹ tán. Iṣẹ́ náà mọ́ ju ohun tí ọwọ́ èèyàn lè gbẹ́ lọ, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ ni gbogbo ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde. Nínú èyí tí mo rà, wọ́n fi idẹ ṣe òrùka tí awakọ̀ Spitfire máa ń dì mú lórí ọ̀pá ìdarí. Ohun tó rí roboto lára bàálù gidi ti wá di pẹlẹbẹ bíi bébà. Ti ike inú páálí ni mo lò, ó sì dára jù ú lọ fíìfíì.

Bẹ́líìtì lọ̀ràn yàtọ̀ sí. Bẹ́líìtì Sutton tí àwọn awakọ̀ Spitfire ń lò ní okùn mẹ́rin, méjì láti èjìká, méjì láti itan, pẹ̀lú ihò tóótòòtó lójú okùn náà. Lára idẹ, mo rí àwọn ihò yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó kùn wọ́n, mo fi ẹ̀mú dì wọ́n mú, mo fi iná tó mọ níwọ̀n rà wọ́n títí àwọ̀ wọn fi yí padà, mo sì jẹ́ kí wọ́n tutù fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni idẹ yẹn wá rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lé orí ìjókòó, ó sì tẹ̀ lé kọrọ ìjókòó náà bí aṣọ, ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan láìta padà. Ìjókòó Spitfire púpọ̀ kì í ṣe páànù, ohun àpòpọ̀ kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà bẹ́líìtì tó funfun díẹ̀ máa ń hàn kedere lórí rẹ̀. Ẹni tó bá yọjú wo inú bàálù yẹn, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ti kun bẹ́líìtì àti dáṣíbọ́ọ̀dù láti ilé-iṣẹ́. Eduard, tó wà ní Czech Republic, làwọn èèyàn mọ̀ jù fún irú èyí. Ẹ má ràn wọ́n níná o, ọ̀dà ibẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ rọra tẹ̀ wọ́n, torí ọ̀dà máa ń bó lójú ibi tí a bá ti ṣẹ́. Dáṣíbọ́ọ̀dù wọn kà dáadáa: aago mẹ́fà tí awakọ̀ fi ń fò nínú kùrukùru wà ní àárín. Mo kán oje tó mọ́ gaara sójú aago kọ̀ọ̀kan kí ó lè dán bíi gíláàsì. Ìwọ̀nba iṣẹ́ nìyẹn, èrè rẹ̀ sì pọ̀.

Ó kan rẹ́sìn. Polyurethane ni, wọ́n ń dà á sínú mọ́ọ̀dù rọ́bà sílíkóònù. Nítorí pé rọ́bà máa ń tẹ̀, a lè fà á kúrò lára ohun tó ní kọ̀rọ̀, èyí tí mọ́ọ̀dù irin kò lè ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ihò èéfín rẹ́sìn fi dá lu wọnú lóòótọ́. Mẹ́fà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lára ẹ́ńjìnnì Merlin tí Mk IX yìí ń lò. Bí èèyàn bá fẹ́ fi ọwọ́ lu ti ike wọnú kí gbogbo wọn sì dọ́gba, yóò rí wàhálà. Ti rẹ́sìn, mo gé e, mo kùn ún, ó parí.

Táyà náà rọrùn bákan náà. Ti ike máa ń wá ní ìlàjì méjì tí a ó lẹ̀ pọ̀, ojú àlẹ̀mọ́ yẹn á sì gba àárín ibi tí ọnà táyà wà kọjá. Tí a bá fi sáńpépà nù ún, ọnà náà á lọ. Táyà rẹ́sìn wá lódindi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni pé ìwúwo bàálù wà lórí rẹ̀. Mo fi ayùn tín-ín-rín gé e kúrò lára kùkùté tí wọ́n fi dà á, mo nù ún lórí sáńpépà tí mo fi omi rin. Omi yẹn kì í ṣe ọ̀ràn ìmọ́tótó nìkan. Eruku rẹ́sìn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá, ẹ wọ ìbomú.

Ohun méjì mìíràn tí kò yẹ kí ẹ fojú fò: ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ rẹ́sìn kí ẹ tó kùn ún, torí ohun tí wọ́n fi ń mú kí ó yọ nínú mọ́ọ̀dù máa ń kù sára rẹ̀, ọ̀dà kò sì ní dì mọ́ ọn. Gúlù mọ́dẹ́ẹ̀lì náà kò wúlò níbí, torí yíyọ́ ló máa ń yọ́ ike kí ó tó so ó pọ̀, kò sì lè yọ́ rẹ́sìn tàbí idẹ. Súpà gúlù tàbí epoxy (gúlù tí a máa ń po oje méjì pọ̀ kí a tó lò ó) ni kí ẹ lò.

Yàrá awakọ̀ ló gba àkókò jù lọ. Iṣẹ́ ọnà rẹ̀ wú mi lórí, mi ò lè parọ́: wáyà, páìpù, ojú ìdè kéékèèké, gbogbo rẹ̀ wà lára ògiri méjèèjì. Àmọ́ ìwé tó wà nínú rẹ̀ kò ju àwòrán kan lọ, kò sì sọ fún ẹni tó rà á pé ara bàálù tí ike ṣe ti nípọn jù fún un. Rẹ́sìn máa ń súnkì díẹ̀ tó bá ń gbẹ, nítorí náà ó kúrú sí iwájú, síbẹ̀ ó fẹ̀ jù sí ẹ̀gbẹ́. Mo ní láti máa fá inú ike náà, kí n dán an wò láìfi gúlù sí i, kí n tún fá a. Mo gbé e síwájú iná, ìmọ́lẹ̀ sì ń hàn láti inú ike náà kí ògiri rẹ́sìn tó wọlé. Ihò afẹ́fẹ́ kan wà lẹ́yìn ìjókòó, mo fi súpà gúlù dí i. Ní ìwọ̀n owó tí wọ́n ń gbà, ó yẹ kí ìtọ́ni wọn sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, inú Spitfire kò láyè. Bí ẹ bá ti ìdérí gíláàsì pa, ìjókòó, bẹ́líìtì àti òkè dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan lẹ máa rí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìdérí sílẹ̀, kí ó sì ju ilẹ̀kùn kékeré apá òsì sílẹ̀ pẹ̀lú, á gbádùn odindi yàrá yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tì í pa, bẹ́líìtì àti dáṣíbọ́ọ̀dù ti tó.

Mi ò lo flap onídẹ tí mo rà, ìyẹn páànù abẹ́ apá tí bàálù máa ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀. Ó dára lójú, ìhà inú rẹ̀ kún fún egungun tín-ín-rín tí ike kò lè ní láéláé, gbogbo egungun náà la ó sì ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n flap Spitfire kò ní ju ipò méjì lọ: òkè tàbí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn awakọ̀ sì máa ń gbé e sókè kété tí wọ́n bá ti balẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwòrán Spitfire tó dúró lórí ilẹ̀ pẹ̀lú flap rẹ̀ nísàlẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Tèmi dúró lórí táyà rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, nítorí náà mo lẹ flap ike mọ́ ọn ní òkè.