Flutter, Electron àbí Qt: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe áàpù kan tó máa ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, tẹ́ ò sì fẹ́ sanwó fún developer mẹ́ta, orúkọ irinṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣe irú áàpù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń kà fún yín, nìyí. Kí n tètè sọ tèmi: Flutter ni màá mú fún ọ̀pọ̀ yín, àmọ́ ó níbi tí kò ti ní gbà á.

Ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀fẹ́ ni Flutter tí Google ṣe, ọ̀fẹ́ náà ni Electron tó tọwọ́ GitHub jáde ní 2013. Qt ni kẹ́ ẹ lajú sí dáadáa. Ó ní tọ̀fẹ́, ó sì ní èyí tí wọ́n ń sanwó fún, àwọn apá kan sì wà nínú tọ̀fẹ́ yẹn tó wà lábẹ́ ìwé àṣẹ ìlò tí wọ́n ń pè ní GPL, tẹ́ ẹ bá lò ó nínú áàpù tẹ́ ẹ fẹ́ tà, ẹni tẹ́ ẹ tà á fún lẹ́tọ̀ọ́ láti gba code yín, ìyẹn ohun tí developer kọ láti fi ṣe áàpù náà. Ẹ bi developer yín léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá parí.

Owó tí wọn kì í dárúkọ: tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé áàpù sórí ìsọ̀ wọn, Apple ń gba 99 dọ́là lọ́dọọdún, Google Play, ìsọ̀ áàpù Android, ń gba 25 dọ́là lẹ́ẹ̀kan péré. Flutter ò sì lè ṣe ti Mac tàbí iPhone jáde láti orí Windows, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ní Mac.

Tó bá di wíwúwo, Electron ò láàánú. Odindi Chromium, ìyẹn browser tí wọ́n fi ṣe Chrome, ló ń gbé kiri, áàpù tó kàn ń ṣírò owó ọjà lásán lè ju 100MB lọ, ẹ wá rò ó fún kọ́sítọ́mà tí laptop ẹ̀ ò ju 4GB RAM lọ tó tún ṣí Chrome sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ṣáà ti mọ JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù, lè ṣe é, wọ́n sì pọ̀ nígboro, Electron náà ni àwọn áàpù bíi VS Code, Slack àti Discord ń lò. Qt fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, ó sì ń yára ṣiṣẹ́, VLC tẹ́ ẹ fi ń wo fídíò ń lò ó, ṣùgbọ́n èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ C++ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ò wọ́pọ̀, owó wọn sì le.

Flutter wà láàárín. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé code kan náà ló máa bá yín dé Android àti iPhone, ti Windows ẹ̀ sì ti dúró dáadáa láti February 2022, ti Mac àti Linux tẹ̀ lé e ní May.

Èyí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ dán nǹkan méjì wò kẹ́ ẹ tó san ìyókù owó. Ẹ tẹ “ọ̀rẹ́” sínú ẹ̀: ọ̀ yẹn kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, àmì ohùn máa ń gorí ẹ̀ ni, tí font ò bá mọ̀ ọ́n, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkejì, kí wọ́n ṣí i lórí Linux níṣojú yín, torí fáìlì àwòrán tó ń jẹ́ Logo.png àti logo.png, ọ̀kan náà ni lójú Windows, Linux ní méjì ni wọ́n, tí developer bá kọ ọ̀kan dípò èkejì, àwòrán yín á kàn pòórá ni.