Yàrá Ìgbọ́rin Kan ní Kúbwà: Ojú Àwo Kan, Ìjókòó Kan

Láti ọdún méje tí mo ti ń gbé ní Àbújá, òde ìnáwó ni mo ti máa ń bá orin jùjú pàdé jù, ibẹ̀ gan-an ni n kì í sì í ti í gbọ́ ọ. Olórin ń kọrin, àwọn àlejò ń pariwo kí ara wọn láti orí tábìlì kan sí èkejì, ẹni tó ń pín oúnjẹ ń bèèrè ẹni tí kò tíì jẹ, èmi náà ń wá ẹni tí yóò bá mi ṣẹ́ owó tí mo fẹ́ ná. Nílé ńkọ́? Orin ń lọ lórí fóònù nígbà tí mo bá ń gé ẹ̀fọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé ìyá kan wà ní Kúbwà tí ń gba ₦5,000 lọ́wọ́ ènìyàn kí ó lè jókòó gbọ́ orin láìṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí.

Kò sí pátákó kankan lẹ́nu ọ̀nà, nítorí Màmá, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń pè é, kò fẹ́ kí a gbé àdírẹ́sì òun kiri. Ẹni tó ti lọ rí ni yóò mú ẹlòmíràn lọ. Pálọ̀ ilé rẹ̀ ni, aṣọ ojú fèrèsé rẹ̀ nípọn, àga méjìlá ni wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n sì kọjú gbogbo wọn sí sípíkà méjì tí ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Olóògbé ọkọ rẹ̀, tí ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ni ó kó àwọn àwo orin náà jọ. Bí a bá ti bọ́ bàtà tán, Màmá yóò gbé agbọ̀n kan yí wa ká, yóò ní, “Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ bá mi pa fóònù yín, kí ẹ fi í síbí. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó sọ ọ́ báyìí.” A kì í jẹun, a kì í mu omi pàápàá, títí ojú àwo kan yóò fi tán. Ẹni tó bá sùn, wọn kì í jí i, àfi bí ó bá ń hanrun.

Ó máa ń fi aṣọ rírọ̀ nu ojú àwo náà yípo, yóò fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí abẹ́rẹ́, yóò wá gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́. (Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ yóò sọ pé kò yẹ kí ènìyàn fi ẹnu fẹ́ abẹ́rẹ́, ẹnu mi kò gbà á láti sọ ọ́ fún un.) Ohun tí a ó kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró kan tí ń ta ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ bí epo tó ń gbóná nínú agbada, kí gìtá tó wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò yìí ni pé ojú àwo kan ni ìwọ̀n ìjókòó kan. Àwo kékeré ayé àtijọ́, èyí tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, kò lè gba orin tó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo gígùn jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1948, èyí tí ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, ojú kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Àwọn bí Ebenezer Obey àti Sunny Adé mọ bí a ti ń lo àyè yẹn ní àwọn ọdún 1970: wọn a so orin mọ́ orin láìdánu dúró títí ojú àwo yóò fi tán. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò ṣe é bù jẹ, ó sì yẹ kí ẹni tí ń gbọ́ ọ ní sùúrù tó ẹni tó kọ ọ́.

Èmi kò ní i ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ọwọ́ mi ti lọ sínú àpò láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó iléèwé àwọn ọmọ. Ó tó ìdajì ojú àwo náà kí etí mi tó là: mo gbọ́ pé gìtá kan ń dá, èkejì ń gbè é, ẹ̀kẹta sì wà lábẹ́ àwọn méjèèjì tí kì í kúrò ní ojú kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà ní ọwọ́ òsì. Gángan sì ń sọ̀rọ̀. Ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Bí onílù bá fún ọṣán mọ́ ìhà, awọ yóò le, ohùn yóò lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn yóò wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni ìlù lè mú jáde, kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, ìdí nìyẹn tí gbólóhùn kan fi lè jọ òmíràn pátápátá lẹ́nu ìlù. Àwọn àgbà Ìbàdàn ṣì máa ń sọ ti ìlù tí rédíò fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ láyé ọjọ́un: ilé-iṣẹ́ náà ní orúkọ òun ni òun ń pè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ìlú ní ohun tí ìlù ń wí ni “Bí Olúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?” Ènìyàn kò lè yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń gé ẹ̀fọ́.

Ní ìgbà kejì, Màmá fi orin Dan Maraya Jos sí àárín àwọn àwo tiwa. Àwọn kan rojú pé àwọn kò wá gbọ́ Hausa. Mo rò pé wọ́n ṣì í. Kuntigi ni ó ń ta, ohun èlò olókùn kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ agolo tí a fi awọ ewúrẹ́ bò. Hausa tí mo gbọ́ kò kọjá “nawa ne” ti ọjà, síbẹ̀ mo gbọ́ bí okùn náà ṣe ń yára lábẹ́ ohùn rẹ̀ bí ìka ẹni tí ń ka owó. Ọmọ Ọ̀fà kan tí wọ́n bí sí Jos ni ó ṣàlàyé fún wa nígbà tí a ń mu zóbò pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ń kọrin fún, àwọn tí kò sí olórin tó ń kì wọ́n.

Àwọn àléébù wà. Agogo márùn-ún ni wọ́n pè wá, ó ti ń lọ sí mẹ́fà kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí Màmá a máa sọ ìtàn àwo kọ̀ọ̀kan gùn ju àwo náà lọ. Àga oníke máa ń dún bí ènìyàn bá mí lásán. Ẹnìkan yọ kúlíkúlí jẹ lẹ́yìn mi, ó sì bo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ti iná. Àpàlà Haruna Ishola ni a ń gbọ́, tí kò ní gìtá kankan nínú, ó ku díẹ̀ kí ó dé ibi dídùn, ni iná bá lọ: àwo náà ń falẹ̀, ohùn ń sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi dà bí ohùn egúngún, ó fa “oo” kan gígùn, ó dákẹ́. Ínfátà wà nínú ilé náà o. Fìríìjì ni wọ́n so mọ́ ọn. Bí ènìyàn bá ti gba ₦5,000 fún orin, giramafóònù ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ so mọ́ ínfátà, kí ẹran inú fìríìjì máa fara dà á. Mo sọ ọ́ fún Màmá, ó ní òun ti gbọ́.

Síbẹ̀ owó náà kò wọ́n lójú mi. Kò tó owó ẹja yíyan kan ní Àbújá. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó mú tìmùtìmù dání, kí ó sì jẹun kó yó kí ó tó jáde nílé.

Ní ìgbà kẹta, bàbá kan tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Kàdúná jókòó tì mí. Ó kù díẹ̀ kí ojú àwo jùjú kan tán ni gángan dá sọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tí wọ́n dá fóònù wa padà, mo bi í pé kí ni ìlù wí. Ó ní, “Owó là ń wá.” Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ohun tí mo gbọ́ ni ‘Ilé là ń wá.’” Ohùn kan náà ni méjèèjì, kò sí ẹni tí ó lè fi ìlù dá wọn mọ̀. Bàbá ní orin tó ṣáájú rẹ̀ dá lórí òwò. Mo ní ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e dárúkọ ìyá olórin. Màmá kò dá sí i. Ó ní òun yóò tún ojú náà fi sí i ní Sátidé tí ń bọ̀, kí a wá ṣèdájọ́ ara wa. Mo ti san owó ìjókòó mi sílẹ̀.